Ṣé ẹja inú agolo ló ń mú kí àyà máa ta mí ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù 3 báyìí tí àyà ti ń ta mí, pàápàá ní òru, tí omi kíkan sì máa ń gùn wá sí ọ̀fun mi bí mo bá ti dùbúlẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé omi kíkan inú ikùn ló ń padà sókè, ó sì ní kí n máa ṣọ́ ohun tí mo ń jẹ, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ẹja inú agolo rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oúnjẹ alẹ́ mi nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí mo máa ń pẹ́ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé: sàdíìnì agolo kan àti búrẹ́dì, bí mo bá sì ti jẹ ẹ́ tán, orí ibùsùn ló kàn. Èyí tó wà nínú tòmáàtì ló máa ń ni mí lára jù. Ṣé kí n pa á tì pátápátá ni?

Ìdáhùn 1

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Ní tèmi, ẹja gan-an kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ohun tí wọ́n rì í sínú rẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ikùn, iṣan kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣí kí oúnjẹ lè kọjá, tó sì máa ń pa dé kí omi kíkan má bàa gòkè. Ọ̀rá máa ń mú kí iṣan yìí dẹ̀, ó sì tún máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Nítorí náà, ẹni tó bá da sàdíìnì tòun ti òróró rẹ̀ sórí búrẹ́dì, tó tún wá fi èèpo búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ agolo (èmi náà ti ṣe é rí, n kò lè purọ́), ti bá omi kíkan ṣílẹ̀kùn. Ti tòmáàtì yàtọ̀: òun fúnra rẹ̀ kan, pH rẹ̀ (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; bí ó bá ṣe kéré sí 7 tó ni nǹkan náà ṣe ń kan tó) sábà máa ń wà láàárín 4.3 sí 4.9, bí ata bá sì tún wà nínú rẹ̀, ọ̀fun tó ti ń ro ẹni tẹ́lẹ̀ ni yóò lọ ta.

Ẹ wá èyí tí wọ́n fi omi sí. Túnà inú omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rá, ṣùgbọ́n sàdíìnì ní ọ̀rá tirẹ̀ lára bí ẹ tilẹ̀ da òróró rẹ̀ nù. Bó bá jẹ́ pé ti òróró ló wà nílẹ̀, ẹ dà á sórí asẹ́, kí ẹ jẹ́ kó ro dáadáa, kí ẹ wá fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba kí ẹja má bàa fọ́. Òróró náà kì í tán, àmọ́ ó máa ń dín kù gan-an.

Ìdáhùn 2

“Orí ibùsùn ló kàn”: ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí 3, ó kéré tán, lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó dùbúlẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ẹ lè fi igi gbé ẹsẹ̀ ibùsùn sókè ní apá ìgbèrí, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí tí a tò jọ kì í ṣe iṣẹ́ yẹn, torí ọrùn nìkan ló máa ń gbé sókè.

Ìdáhùn 3

Bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tí ẹ ń rù láìnídìí, tí ẹ bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Ìrora àyà tó bá sì ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n lè jẹ́ ti ọkàn; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Láti ọjọ́ 5 sẹ́yìn ni mo ti ń jẹ túnà inú omi, tí mo sì ń gbé oúnjẹ dání lọ síbi iṣẹ́ kí n má bàa jẹun lóru mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àyà ta mí, ó sì jẹ́ alẹ́ tí mo jẹ ṣokoléètì kí n tó sùn. Agolo sàdíìnì 4 ṣì wà nílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo máa ro òróró ọ̀kan nù, kí n wá wò ó bóyá yóò bá mi jà.