Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Yúróòpù, kí lẹ fojú ara yín rí?

Abẹ̀kẹ́_Òṣogbo: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Lóṣù tó ń bọ̀ mò ń lọ sí Munich fún iṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe fàájì ní Faransé àti Ítálì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín rí fún mi, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Akin_Mọ́kọ́lá: Ọjọ́ Sunday ni kó o ṣọ́ra fún ní Jámánì. Alẹ́ Sátidé ni mo dé Hannover, mo ní tílẹ̀ bá mọ́ màá lọ ra oúnjẹ. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì pa. Òfin wọn ni. Ibùdókọ̀ ojú irin ni mo ti wá rí búrẹ́dì rà.

Ìyá_Ìbejì: Òótọ́ ni! Omi ni mo mu sùn lọ́jọ́ tèmi.

Màmá_Aláṣọ: Ọjà ló gbé èmi lọ ní tèmi. 1994 ni ìyá mi kọ́kọ́ mú mi lọ sí Lustenau ní Austria, a lọ ra léèsì. Ìlú kékeré kan létí odò Rhine ni, Switzerland ló wà lódìkejì. Bá a ṣe wọlé, bàbá tó nilé iṣẹ́ náà to àpẹẹrẹ sórí tábìlì. Ìyá mi ò tiẹ̀ wo àwọ̀. Ó yí aṣọ náà dà, ó fi èékánná fa òwú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá gbé e lọ sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Èyí á tú tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Yorùbá ló sọ o. Bàbá yẹn mi orí, ó ká a kúrò, ó gbé òmíràn wá. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ti ojú pópó. Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, ọmọdé tó wà lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ló ń sọ fún wa pé "Grüß Gott." A bi ọmọ bàbá yẹn, ó ní ó túmọ̀ sí "kí Ọlọ́run kí ọ." Ìyá mi dúró sójú kan. Ó ní, "Àṣé wọ́n mọ ìkíni báyìí." Títí ó fi kú ló ń ròyìn rẹ̀.

Arẹ́mú: Màmá, léèsì Switzerland la gbọ́ o. Ìgbà wo ló di ti Austria?

Màmá_Aláṣọ: Ibi méjèèjì ni. St. Gallen tó wà ní Switzerland ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ará Switzerland kan, Isaak Gröbli, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára aṣọ lọ́dún 1863. Àwọn tó wà lódìkejì odò náà ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Orúkọ Switzerland ló kàn gbilẹ̀ lọ́jà wa.

Arẹ́mú: Ṣáínà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí jàre.

Màmá_Aláṣọ: Wá fọwọ́ kan èyí tó wà nínú àpótí ìyá mi, kó o wá tún un sọ.

Délé_Fadákà: Ọ̀rọ̀ ìkíni yẹn wọ̀ mí lára. Ní Paris, mo wọ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní méjì. Obìnrin náà wò mí, ó ní "Bonjour," ó sì dákẹ́. Ìgbà tí mo dá a lóhùn ló tó na ọwọ́ sí búrẹ́dì. Mo ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e sínú. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lóye: lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó wọlé tí kò kí ará ilé ló ṣàfojúdi.

Ìyá_Ìbejì: Ìbátan wa làwọn Faransé nìyẹn o!

Kúnlé_Berlin: Ẹ rọra. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbí. Kí èèyàn nínú ọkọ̀, á rò pé owó lo fẹ́ tọrọ. Àmọ́ tó o bá dé yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kí ará ibẹ̀, gbogbo wọn á sì dáhùn.

Arẹ́mú: Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni.

Bàbá_Tíṣà_Ifẹ̀: Èmi náà kí ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ní British Museum ní London, mo rí ọ̀kan lára àwọn orí idẹ tí wọ́n wà jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Agboolé yẹn ò jìnnà sí ilé tí wọ́n bí mi sí. Ó wà nínú gíláàsì, ilà wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo ní, "Kábíyèsí, ẹ kú àjò." Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀.

Délé_Fadákà: Bàbá, ẹ ti pa mí lẹ́kún.

Arẹ́mú: Kí wọ́n dá a padà!

Kúnlé_Berlin: Jámánì ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù December 2022 wọ́n kó ogún nínú iṣẹ́ ọnà Benin wá sí Àbújá.

Arẹ́mú: Ti Benin nìyẹn, Ifẹ̀ ni mò ń sọ.

Ṣadé_O: Abẹ̀kẹ́, kí n tó gbàgbé: ní Ítálì, tó o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bébà fún ọkọ̀ ojú irin tó ń ná ìlú tó wà nítòsí ara wọn, rí i pé o tì í bọnú ẹ̀rọ kékeré tó wà létí ojú irin kó o tó wọlé. Èmi ò ṣe é. Wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èrò, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá_Ìbejì: Ìwà ìkà nìyẹn. Wọ́n rí i pé àlejò ni ọ́.

Akin_Mọ́kọ́lá: Kì í ṣe ìkà. Tí wọn ò bá tẹ déètì sí i, o lè tún un lò lọ́la.

Ṣadé_O: Mo ti mọ̀ báyìí. Ojú ṣì ń tì mí.

Abẹ̀kẹ́_Òṣogbo: Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá Aláṣọ, ṣé Lustenau yẹn jìnnà sí Munich?

Màmá_Aláṣọ: Wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Zürich, kó o bọ́ọ́lẹ̀ ní Bregenz. Ibẹ̀ ò jìnnà mọ́. Físà Schengen kan náà ló gba Jámánì, Austria àti Switzerland, àmọ́ tó o bá sọdá odò, franc ni wọ́n ń ná, kì í ṣe yúrò. Tó o bá débẹ̀, ìwọ lọmọdé, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kí wọn.

Arẹ́mú: Abẹ̀kẹ́, bá mi ra yáàdì márùn-ún bọ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n sọ.