Ṣé kéèkì pọ́n-ùn ti àtijọ́ lè wú láìsí báákìn páúdà nínú ooru Abẹ́òkúta?

Ìyá Ìbejì, Pańṣẹ́kẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníkéèkì inú wa. Ìyá ọkọ mi fẹ́ kí n yan kéèkì pọ́n-ùn fún ọjọ́ ìbí wọn, irú ti àtijọ́ tó jẹ́ pé fúláwà, bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi báákìn páúdà sí i, nítorí pé ẹnu wọn máa ń mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwọn tí mo bi ní ọjà Kútọ̀ níbi tí mo ti ń ra èlò ló ní kéèkì tí kò bá ní páúdà kò lè wú, pé ńṣe ni yóò dì gbagidi. Ààrò gáàsì tí mo ní kò ní nọ́ḿbà ooru lára, ẹ̀rọ ìlukéèkì mi kò ju èyí tí a ń fi ọwọ́ mú lọ, iná kì í sì í dúró ní àdúgbò wa.

Kí ni yóò mú kéèkì náà wú? Ṣé mo lè fi mágárínì rọ́pò bọ́tà tó ti gbówó lórí? Dẹ́ríkà àti ife ni mo sì fi ń wọn nǹkan. Ṣé ìyẹn tó?

Oníkéèkì Òkè-Ìlewó:

Ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí, ìyá wa. Ẹ sọ fún àwọn ará Kútọ̀ pé kéèkì yìí dàgbà ju báákìn páúdà lọ dáadáa. Ìwé ìdáná kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1747 ti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọdún 1843 ni Alfred Bird, apoògùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe báákìn páúdà jáde. Ọwọ́ tàbí ṣíbí onígi ńlá ni ìwé 1747 yẹn ní kí a fi lù ú fún odindi wákàtí kan, nítorí náà, ẹ̀rọ tí ẹ ní ti ju tiwọn lọ.

Afẹ́fẹ́ ló ń mú un wú. Bí ẹ ti ń lu bọ́tà àti ṣúgà pọ̀, hóró ṣúgà ń gún inú bọ́tà, afẹ́fẹ́ ń kó sí àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí, títí àpòpọ̀ náà yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́. Nígbà tó bá wọ inú ààrò, omi inú ẹyin àti ti inú bọ́tà yóò di èéfín gbígbóná, yóò fẹ àwọn ihò náà, kéèkì yóò sì gbéra. Ìdí nìyí tí ṣúgà oníhóró wẹ́wẹ́ fi dára jù. Bí hóró tiyín bá tóbi, ẹ yí i díẹ̀ nínú bìlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ìyẹ̀fun.

Ooru ìlú wa gan-an ni ọ̀tá. Àwọn ìlànà láti ilẹ̀ òyìnbó máa ń ní kí a gbé bọ́tà síta kó rọ̀, yàrá tiwọn ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Bọ́tà tó dára fún lílù kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 18 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀sán oṣù Kejì sí oṣù Kẹta níhìn-ín máa ń kọjá 33, ibẹ̀ sì ni bọ́tà ti ń di òróró. Bọ́tà tó ti ń yọ́ kò lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́, bó ti wù kí ẹ lù ú pẹ́ tó. Mo rò pé ohun tó ń ba kéèkì àwọn tó ń sọ pé kò lè wú jẹ́ nìyẹn. Ìdájí ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn tó mú. Ẹ gé bọ́tà wẹ́wẹ́ láti inú fíríìjì, ẹ dúró kí ìka yín lè tẹ̀ ẹ́ wọlé láìjẹ́ pé ó ń dán, kí ẹ sì gbé abọ́ tí ẹ fi ń lù ú sínú omi tútù. Bó bá ń ṣe ọ̀rá lójú, ẹ dá a padà sí fíríìjì díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ gbàgbé dẹ́ríkà, nítorí pé dẹ́ríkà ṣúgà wúwo ju dẹ́ríkà fúláwà lọ. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré. Pọ́n-ùn kan jẹ́ gíráàmù 454. Ìdajì rẹ̀, gíráàmù 227 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó fún páànù búrẹ́dì kan. Ẹyin ńlá mẹ́sàn-án ló máa ń sún mọ́ pọ́n-ùn kan, ṣùgbọ́n ẹyin ọjà kò dọ́gba, nítorí náà, ẹ fọ́ ọ tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Bàbá Oníbúrẹ́dì, Lafẹ́nwá:

Ọ̀rọ̀ tó wà lókè yìí dára, àmọ́ kò dáhùn ti mágárínì. Ẹ ka ara ike kí ẹ tó rà á. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kò bá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, orí búrẹ́dì ni wọ́n ṣe é fún. Omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mágárínì tí wọ́n ṣe fún kéèkì kì í tètè yọ́ bíi bọ́tà, ó sì rọrùn láti lù nínú ooru, ṣùgbọ́n nínú kéèkì tí kò ní ju èlò mẹ́rin lọ, kò sí ibi tí adùn bọ́tà tí kò sí níbẹ̀ yóò sá pamọ́ sí. Ẹ pín in sí méjì, ìdajì bọ́tà, ìdajì mágárínì.

Bí fúláwà búrẹ́dì nìkan lẹ bá rí, ẹ fi kọ́ọ̀nfúláwà rọ́pò nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, nítorí pé fúláwà búrẹ́dì máa ń fà, ẹ má sì pò ó pẹ́ lẹ́yìn tó bá ti wọ inú àpòpọ̀. Èmi kò rí àbùkù nínú ìdajì ṣíbí tíì báákìn páúdà o, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ló ni kéèkì.

Oníkéèkì Òkè-Ìlewó:

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ètò wa ká. Ibi tó kàn ni ẹyin. Abọ́ kékeré ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹyọ kan tó ti bàjẹ́ má ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wá dà á sínú bọ́tà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa lù ú kó wọra kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Bó bá ń ṣẹ́ bíi wàrà tó kan, ẹ fi ṣíbí fúláwà kan sí i, yóò padà bọ̀ sípò.

Ooru ààrò kò gbọdọ̀ ju 160 sí 165 lọ, fún nǹkan bí wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tòmómítà inú ààrò kò wọ́n, ẹ ra ọ̀kan. Ẹ má ṣílẹ̀kùn kí ìṣẹ́jú 45 tó pé. Bí orí rẹ̀ bá là, ẹ má ṣàníyàn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Pańṣẹ́kẹ́:

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ó ku ẹyọ kan: bí gáàsì bá tán, ṣé ìkòkò oníyanrìn lè ṣe é?

Ọmọ Ìjàyè:

Ó lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n kéèkì yìí ki, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lè jóná kí àárín tó jinná. Ẹ lo páànù kékeré méjì dípò ńlá kan, ẹ gbé wọn lé orí irin kó má kan yanrìn, ẹ jẹ́ kí ìkòkò gbóná dáadáa tẹ́lẹ̀, kí iná sì kéré. Orí rẹ̀ kò ní pọ́n bíi ti ààrò. Ẹ yan án ní ọjọ́ tó ṣáájú àríyá, nítorí pé ó máa ń dùn sí i, ó sì máa ń rọrùn láti gé, ní ọjọ́ kejì.