"Ìdáwó" kọ́ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ àjọni

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Mo ti ka gbogbo èsì yín sí arábìnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ fún àwọn òbí Yorùbá ní Massachusetts, ìwé tó ṣàlàyé bí àwọn ìlú tó jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló há sí i lọ́fun: "regional school district", ìyẹn ètò tí àwọn ìlú fi jọ ni ilé-ẹ̀kọ́, àti "assessment", owó tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń san sí i.

Fún ti àkọ́kọ́, "ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́" ni ọ̀pọ̀ yín fara mọ́, torí ẹkùn ìdìbò ti mọ́ wa létí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ ni ẹkùn. Ẹ wo Amherst-Pelham, ọ̀kan nínú wọn ní Massachusetts: ìlú mẹ́rin, Amherst, Pelham, Leverett àti Shutesbury, ló jọ ni ín, ṣùgbọ́n láti kíláàsì keje dé ìkejìlá nìkan ni. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ṣé ẹkùn méjì la ó wá tẹ́ lé ara wọn lórí ilẹ̀ kan náà? Lójú òfin Massachusetts, "regional school district" yìí lè pe èèyàn lẹ́jọ́, wọ́n lè pe òun náà, ó sì lè yáwó. Ilẹ̀ kì í yáwó. "Àjọ ilé-ẹ̀kọ́ onílùú-púpọ̀" ni mo mú wá. Ẹni tó bá ní ó gùn, kó mú kúkúrú wá. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé owó alájọ ni àjọ. A kì í kúkú ronú alájọ nígbà tí a bá gbọ́ àjọ elétò ìdìbò.)

Èkejì, "assessment", ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní ká pè é ní "ìdáwó". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tí ọmọ ìlú bá ń dáwó kọ́ gbọ̀ngàn, ẹni tí kò dá sí i, ojú nìkan ló máa tì í. Níbí, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á gbé ètò ìnáwó kalẹ̀, wọn á fi ránṣẹ́ sí àwọn ìlú, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ àwọn olùdìbò fúnra wọn ló ń jókòó nípàdé ìlú láti dìbò lé e. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìlú bá ti gbà, ó ti di òfin. Ní Amherst-Pelham, mẹ́ta nínú mẹ́rin ti tó. Ìkẹrin tó ní òun ò gbà á sanwó náà. (Níbi tó bá jẹ́ ìlú méjì péré, bíi Lincoln-Sudbury, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà.) Owó tí èèyàn san lẹ́yìn tó ti ní "rárá", ta ló ń pè é ní ìdáwó?

Ẹnì kan tún ní "ìṣákọ́lẹ̀". Ó kúkú jẹ́ dandan, àmọ́ ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń san án. Àwọn ìlú yìí ni onílé. Ẹ pe ará Pelham ní ará oko, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Mo ní ká wo ohun tí a ń sọ nílé. Tí ẹbí bá jọ fẹ́ sìnkú, ohun tí kálukú ń bèèrè ni pé, "Èló ló kàn mí?" Ìbéèrè tí Leverett ń bèèrè lọ́dọọdún náà nìyẹn. Kì í sì í ṣe dọ́gbadọ́gba: láti ìgbà òfin àtúntò ẹ̀kọ́ ọdún 1993 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń ṣírò iye tí ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san, ó kéré tán. Lónìí, iye tí ilé àti ilẹ̀ wọn tó àti owó tó ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èyí tó kù, àdéhùn wọn ló ń pín in. Tí wọ́n bá fẹ́ pa ìṣírò ìjọba tì, gbogbo ìlú ló gbọ́dọ̀ gbà, kò sí ọ̀rọ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta níbẹ̀.

Nítorí náà, "owó tó kan ìlú". Ẹni tó ní ká sọ ọ́ di "owó-ìkàn" gbìyànjú, ṣùgbọ́n owó tí èèyàn fi ra ìkàn lọ́jà ni èmi gbọ́.

"Májẹ̀mú" fún ìwé tí àwọn ìlú jọ fọwọ́ sí? Rárá, "àdéhùn" ti tó. Ẹ fi májẹ̀mú sílẹ̀ fún ìjọ.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni orúkọ iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣírò yẹn. "Iye tí kò gbọ́dọ̀ dín" ni mo kọ fún arábìnrin wa, ó sì jókòó nínú gbólóhùn bí aṣọ àyálò. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?