Ìkòkò kọ́, ìkookò ni: èsì sí "ẹran aparun"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Adó lánàá, "Òfin Ààbò Ìkòkò, Ẹran Aparun", tí ẹ fẹ́ fi sọ òfin tí Yúróòpù fi ń dáàbò bo ìkookò (wolf), ẹran tí ẹ ní ìran rẹ̀ ń tán lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì ni Yúróòpù ń ṣòfin fún ni? Ìkòkò la fi ń se ọbẹ̀. Ìkookò ló ń pa àgùntàn jẹ. Fáwẹ̀lì kan péré lẹ fi dù ú! Àwọn àgbà ní bí a bá perí ajá, ká perí ìkòkò tí a fi sè é. Wọn ò ní ká sọ ìkòkò di ẹran.

Ìyẹn kéré. "A-" inú "aparun" gan-an ló gbé mi dìde. A- olóhùn àárín, olùṣe ló ń fà wọlé: apẹja ń pẹja, adájọ́ ń dájọ́. Tí ẹ bá pe aparun létí mi, apanirun ni mo máa gbọ́, tàbí kí n máa wá ọparun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àjà. (Àwọn tó ń sin àgùntàn ní Jámánì lè fara mọ́ apanirun o, àmọ́ àwọn kọ́ lẹ ń gbèjà.) Ẹnìkan ti sáré dárúkọ àbíkú, pé kì í ṣe gbogbo a- ló ń tọ́ka sí olùṣe. Ó dáa, àbíkú wà, àjẹkù wà, iṣẹ́ àpatì wà. Ẹ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ wọn! Ohun tí a ṣe nǹkan sí ni à- yẹn ń fà wọlé, kì í ṣe olùṣe. Ká ní "àparun" lẹ kọ, ǹ bá jókòó ti iyán mi.

Bàbá bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹfọ̀n ò yọjú sí wọn mọ́, wọn ò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. "Ìran wọn ń tán lọ n'ugbó," ó parí. Ẹ gbọ́ "ń" yẹn. Nǹkan ọ̀hún ń lọ lọ́wọ́, a ṣì lè dá a dúró. "Aparun" ti sìnkú ẹran náà tán.

Bẹ́ẹ̀, ìkookò Yúróòpù tí ẹ ń sọ kò tilẹ̀ ń tán lọ. Wọ́n lé ní 20,000 nínú àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ó wà lára ohun tó mú àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Bern ti 1979, àdéhùn ààbò ẹranko ìgbẹ́ Yúróòpù, dìbò ní oṣù Kejìlá 2024, tí wọ́n fi gbé e kúrò láàárín ẹran tí àdéhùn náà dáàbò bò pátápátá, wá sáàárín èyí tó kàn dáàbò bò. Ẹ kọ ọ́ pé "wọ́n yọ ààbò". Wọn ò yọ ọ́, wọ́n dín in kù ni. Èyí tí ìran rẹ̀ ń tán lọ ni ìkookò Etiópíà, tí àwọn tó ti dàgbà nínú wọn ò pé 500.

Ó wá ku ẹni tó ní ìkookò inú Bíbélì kì í ṣe ìkookò àwọn ọdẹ, pé ẹran tó ń rẹ́rìn-ín lóru ní ọ̀dàn (hyena) ni àwọn ọdẹ ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá a jà. Àmọ́ "ajá-ẹhànnà" tó ní ká máa pe ti Yúróòpù yẹn! Ajá lẹran Ògún. Kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ ní Ìrè, ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa fi dá a lóhùn.