Sísọ irun dúdú di pupa nílé: ohun tí ojú wa rí ní Ìbàdàn

Ará Agbowó

Àbúrò wa tí ó béèrè bí òun ṣe lè sọ irun orí òun, tí ó dúdú bí kóró iṣin, di aláwọ̀ oyin láìdé ṣọ́ọ̀bù onídìrí, mo rí ìbéèrè rẹ. Ilé ni èmi náà ti ń ṣe tèmi, ní Agbowó níbí, irun mi kò sì já. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ fún ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í pé, apá tí wọ́n sì máa ń fò ni ó máa ń ṣe ìpalára.

Irun dúdú kì í ṣàdédé bọ́ sínú àwọ̀ oyin. Inú irun gan-an ni àwọ̀ rẹ̀ wà, melanin sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Oríṣi méjì ni: èyí tí ń jẹ́ eumelanin ni ó ń mú irun dúdú, èyí tí ń jẹ́ pheomelanin ni ó ní àwọ̀ pupa àti yẹ́lò. Nígbà tí bílíìṣì, ìyẹn èròjà tí a fi ń yọ àwọ̀ irun, bá wọ inú irun, eumelanin ni ó máa ń kọ́kọ́ tú ká, pupa tí ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò sì yọjú. Nítorí náà, irun wa yóò kọ́kọ́ ní àwọ̀ ilẹ̀, yóò pọ́n, yóò di àwọ̀ ọsàn, kí ó tó di àwọ̀ wúrà, lẹ́yìn èyí ni yóò tó di yẹ́lò. Kò sí ẹni tí ó lè fo ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tí ó wo dígí tí ó sì rí àwọ̀ ọsàn, yóò rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, yóò sì po òmíràn lé e lórí ní ọjọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni irun ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já sọ́wọ́ ẹni.

Ìpinnu tí mo ṣe kí n tó ra ohunkóhun ni pé ibi àwọ̀ ilẹ̀ tí ó pọ́n díẹ̀ ni n óò ti dúró ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó wù mí kí ó pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé n óò fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Ọjà Dùgbẹ̀ ni mo ti ra pọ́wọ́dà bílíìṣì àti ìgò omi tí a ń pò ó mọ́, èyí tí àwọn onídìrí ń pè ní dẹfẹ́lọ́pà. Hydrogen peroxide ni ó wà nínú ìgò náà, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni yóò sì sọ agbára rẹ̀ fún ọ: 10 jẹ́ ìdá 3 nínú 100, 20 jẹ́ ìdá 6, 30 jẹ́ ìdá 9, 40 jẹ́ ìdá 12. 20 ni mo mú. Ọlọ́jà fẹ́ kí n mú 40, ó ní irun wa le, ṣùgbọ́n mo kọ̀ ọ́, nítorí pé agbára tí ó pọ̀ kì í mú irun fo ìpele kankan. Ńṣe ni ó ń mú un sáré gba inú wọn kọjá, awọ orí ni ó sì máa ń jìyà eré náà.

Lẹ́yìn èyí ni omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe po ohunkóhun kí ẹ tó rí omi tí ó pọ̀ nílẹ̀. Omi ni a fi ń dá bílíìṣì dúró. Kànga tàbí ẹ̀rọ tí iná mọ̀nàmọ́ná ń fa omi rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbẹ́kẹ̀ lé ní ìlú yìí. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí nǹkan náà ṣì wà lórí rẹ, tí ó sì ń ta ọ́, ta ni yóò pọn omi fún ọ? Mo pọn omi kún àwọn garawa, mo gbé wọn sí ilé ìwẹ̀, kí n tó ṣí páálí.

N kò fọ irun náà fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí òróró tí awọ orí ń mú jáde lè dáàbò bò ó. Mo fi fasilíìnì pa etí irun yíká àti etí mi méjèèjì, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì lo abọ́ ike àti ìyàrun ike, nítorí pé irin máa ń ba agbára hydrogen peroxide jẹ́. Mo ti gé irun díẹ̀ ní ìpàkọ́ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo kun ún, mo sì ń wo aago, kí n lè mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó dé ibi tí mo fẹ́. Bí ènìyàn kò bá ní ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, kí ó ṣe èyí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí gangan, mo pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin, mo sì ti ìpàkọ́ bẹ̀rẹ̀. N kò fi kan ìdí irun rárá. Ooru ń jáde láti ara orí, ooru yìí sì ń mú kí bílíìṣì yára ṣiṣẹ́ ní ìdí irun ju àárín lọ. Ẹni tí ó bá kun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí irun rẹ̀ yóò ti máa pọ́n yòò nígbà tí ìyókù ṣì wà ní àwọ̀ ilẹ̀. Mo fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀, mo kun àárín àti ṣóńṣó, ìgbà tí àwọ̀ wọn ti ń yí padà ni mo tó wá sí ìdí. Mo fi ọ̀rá bò ó, nítorí pé bílíìṣì tí ó bá gbẹ kì í ṣiṣẹ́ mọ́, àsìkò ọyẹ́ ni a sì wà nígbà náà tí ohun gbogbo ń gbẹ wàràwàrà. N kò jókòó sínú oòrùn, n kò sì lo ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ooru. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni mo ń nu ibì kan kúrò láti wo àwọ̀ rẹ̀, mo sì ṣan án dànù kí àkókò tí wọ́n kọ sára páálí tó pé, nítorí pé ó ti dé ibi tí mo ń fẹ́. Àwọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ìgbà kejì, lẹ́yìn tí irun ti sinmi dáadáa, ni ó tó dé àwọ̀ wúrà.

Onídìrí, Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé, ará Agbowó. Ọ̀rọ̀ ìdí irun tí ẹ sọ ni ó mú kí n dá sí i. Iṣẹ́ orí ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń wá bá mi nítorí àwọ̀ ni ó sì jẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe nǹkan nílé tàbí níbòmíràn. Kí n tó fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni, ìbéèrè mi ni pé: kí ni ó ti kan irun yìí láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn? Irun tí a fi nǹkan sí ní ọdún tó kọjá ṣì wà lórí yín, ó kàn ti rìn lọ sí ìsàlẹ̀ ni.

Rílásà ni mo ń bẹ̀rù jù. Irun ní àwọn ìdè nínú tí ó ń fún un lágbára. Rílásà ń já lára ìdè wọ̀nyí kí irun lè nà, bílíìṣì náà sì ń já lára wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Wọ́n fi rílásà sí irun rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi po bílíìṣì sí i nílé. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, tí mo fi omi tutù rọra fọ̀ ọ́, irun náà ń nà lọ́wọ́ mi, kò sì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí mo bá fi ìka kàn án, ó ti já nìyẹn. Kò sí òróró tàbí ìpara tí ó lè so irú irun bẹ́ẹ̀ padà. Mo gé e mọ́lẹ̀, a sì jọ sunkún díẹ̀. Ẹni tí rílásà bá wà lórí rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó jẹ́ kí irun àdánidá hù, kí ó gé ti àtijọ́ kúrò, kí ó tó máa ronú nípa bílíìṣì.

Dáì dúdú tẹ̀ lé e. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ra dáì pupa, tí wọ́n fi lé dúdú tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, yóò di pupa. Dáì kì í yọ dáì. Bílíìṣì ni ó lè yọ ọ́, kì í sì í yọ dọ́gba.

Ti làálì náà ní àlàyé tirẹ̀. Làálì tí a lọ láti ara ewé, tí kò ní àdàlù, kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú lè ní iyọ̀ irin nínú, irin yìí sì máa ń bá hydrogen peroxide jà títí tí irun yóò fi gbóná lórí ẹni. Ẹ gé irun díẹ̀, ẹ fi sínú ife ike tí ẹ ti po bílíìṣì sí. Bí ife náà bá gbóná tàbí tí ó bá ń hó, ẹ pa èrò náà tì.

Ẹni tí àwọ̀ ọsàn kò bá sì tẹ́ lọ́rùn kò nílò bílíìṣì mìíràn ní ọjọ́ náà, tónà ni ó nílò, ìyẹn àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń pa àwọ̀ tí a kò fẹ́. Búlúù ni ó ń pa àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ àlùkò ni ó ń pa yẹ́lò, àwọ̀ ewé sì ni ó ń pa pupa. Ọ̀pọ̀ irun ni ìbá ti là bí ẹni tí ó ni ín bá mọ ìyẹn.

Ará Apẹtẹ́

Tèmi kò gùn. Àwọn tí a jọ ń gbé ní Apẹtẹ́ gbọ́ pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn ọ̀sán lè ṣe é láìnáwó. Irun wọn kò yí padà ní ohun tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ọrùn ọ̀kan nínú wọn, níbi tí omi ọsàn náà ti ṣàn gbà, lé ròrò, lẹ́yìn èyí ó dúdú, ó sì pẹ́ kí ó tó kúrò. Dókítà awọ ara sọ fún un pé èròjà kan wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó máa ń jẹ́ kí oòrùn jó awọ ènìyàn. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa pè é ní ọ̀nà tí kò léwu.

Oníkẹ́míìsì, Ring Road

Mo rí i pé kò sí ẹni tí ó tíì mẹ́nu ba ohun tí àwọn ènìyàn ń wá rà lọ́dọ̀ wa. Ìgò kékeré tí a fi ń fọ egbò, tí ó máa ń hó, ìdá 3 nínú 100 hydrogen peroxide ni. Agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti dẹfẹ́lọ́pà nọ́ńbà 10. Lóòótọ́ ni ó lè pọ́n irun, nítorí pé láti ìpàtẹ ńlá Paris ní ọdún 1867 ni wọ́n ti ń fi han ayé pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi lásán ni, yóò ṣàn lọ sí awọ orí àti ojú, ibi tí ó bá sì kàn nìkan ni yóò pọ́n, kálukú ní tirẹ̀.

Èyí tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni jíìkì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí i. Sodium hypochlorite ni, kì í ṣe hydrogen peroxide. Àwọ̀ nìkan kọ́ ni yóò yọ, irun fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́, bí ó bá sì pàdé amóníà tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ dáì, èéfín olóró ni yóò jáde.

Ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ po pọ́wọ́dà bílíìṣì nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, nítorí pé persulfate tí ó wà nínú rẹ̀ lè dá ikọ́ náà sílẹ̀. Kódà, mo fẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn pò ó ní ìta. Ní ti dáì tàbí tónà tí a óò fi tẹ̀ lé e, ẹ fi díẹ̀ sí ìkọ́ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 48. Bí ó bá hún yín tàbí tí ó wú, ẹ má lò ó. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù nínú àpòpọ̀, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe dé e sínú ìgò, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń jáde nínú rẹ̀, ìgò náà sì lè bú.

Ará Agbowó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n oníkẹ́míìsì àti àǹtí onídìrí. Àbúrò wa tún bi mí bí mo ṣe ń tọ́jú tèmi nísinsìnyí. Irun tí a bá ti fi bílíìṣì sí máa ń mu omi kíákíá, ó sì máa ń tètè gbẹ, nítorí náà àdín àgbọn ni mo fi ń pa á kí n tó fọ̀ ọ́, torí ó ń wọ inú irun, ó sì ń dín bí èròjà ara rẹ̀ ṣe ń bá omi lọ kù. Lẹ́yìn fífọ̀, kọ̀ndíṣọ́nà ni mo fi ń kùn ún, mo máa ń jẹ́ kí ó pẹ́ lórí, òrí díẹ̀ ni mo sì fi ń parí rẹ̀. N kì í lo ìyàrun gbígbóná mọ́. Dídì ńlá ńlá tí kò le ni mo ń ṣe, àwọn onídìrí tí wọ́n máa ń fà á títí ojú yóò fi ranjú kì í rí owó mi gbà. Bí irun tuntun bá hù, irun tuntun náà nìkan ni mo ń kùn, n kì í jẹ́ kí ó tún gun èyí tí ó ti pọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní orí kì í ṣe ohun tí a fi ń dánra wò. Mo fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ, mo sì fi irun náà hàn án pé kò já, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí n ṣáà má fi kún un mọ́.

Àbúrò mi, o sọ pé ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti sún mọ́. Bí ó bá jẹ́ nítorí ọjọ́ yẹn nìkan ni, ra àtáṣímẹ́ǹtì aláwọ̀ oyin ní Gbági kí wọ́n fi dirun fún ọ, kí irun tìrẹ sinmi. Bí ó bá wá jẹ́ pé o fẹ́ ẹ gidi, gé díẹ̀ ní ìpàkọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kùn ún, ya àwòrán rẹ̀ síbí, kí o sì sọ ohun tí ó ti kan irun náà tẹ́lẹ̀, kí àǹtí onídìrí lè bá wa wò ó.