Púpurú ni mo ń tà, n kò ta iyán

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, Àkúrẹ́ ni mo wá lọ́kọ sí. Nígbà tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ máa ta púpurú, òkèlè tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe nílé wa, àti ọbẹ̀ marúgbó ní Alágbàká lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, wọ́n wò mí títí. "Ìyàwó mi, ní Àkúrẹ́ níbí? Ta ló fẹ́ fi iyán sílẹ̀?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ Ìkálẹ̀ àti ọmọ Ìlàjẹ kún àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó wà níbẹ̀, oúnjẹ ilé wa sì ń wù wọ́n jẹ.

N kò gba ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì kan, agboòrùn ńlá kan, kúlà méjì àti omi ìfọwọ́, ó parí. Obìnrin kan tó ń ta ohun mímu ló fún mi láyè, mo sì ń fún un ní ₦1,000 lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo se oúnjẹ ogún èèyàn, àwọn mẹ́fà ló rà. Àwọn yòókù á yọjú wo inú ìkòkò, wọ́n á rí ọbẹ̀ tó dúdú bí èédú, wọ́n á béèrè bóyá ó jóná ni. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá béèrè ní òkèlè kan tọ́ wò, mo sì gbé ewé marúgbó tútù sórí tábìlì kí wọ́n lè rí ohun tó sọ ọbẹ̀ di dúdú. Òkèlè yẹn ló ṣí ọjà mi.

Ibi tí mo ti jìyà ni púpurú fúnra rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto, a ó wá gbé e sórí àjà kí iná àti èéfín gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á funfun. Èyí tó dúdú yẹn la máa ń fi ọ̀bẹ ha kúrò ká tó gún un, ká sì kù ú. Lóṣù kejì, ẹnì kan ta èyí tí wọ́n fi ìkánjú yan fún mi. Òde gbẹ, inú ṣì tutù. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti bu, mo da ọjà ₦15,000 nù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń la ọ̀kan sí méjì lójú ẹni tó ń tà á. Bó bá lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, n kì í sanwó.

Ọ̀pọ̀ ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi iyán kún un. N kò gbà. Ọwọ́ mi kò lè ṣe méjèèjì kó dára.

Bàbá Ìlàjẹ kan wà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹun lọ́dọ̀ mi, wọn ò sọ̀rọ̀ rárá títí wọ́n fi fọwọ́. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé wàá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Ní báyìí, n kì í tíì ṣí agboòrùn mi tí wọ́n ti ń dé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn kan wá, ọmọ Àkúrẹ́. Ó ní ibo ni iyán wà. Kí n tó lanu, Bàbá ti dá a lóhùn: "Iyán wà nílé ẹ. Jókòó."