Ẹ wá sọ ti ọjọ́ tí lẹ́tà ìròyìn yín dé ojú àwọn èèyàn ní wúruwùru

Akọ̀wé_Peckham
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ń fi lẹ́tà ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ránṣẹ́ láti London níbí, lóṣooṣù, sí nǹkan bí 400 èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá mo jókòó tì í títí di aago méjì òru. Nínú Gmail tèmi, ó ń dán bí aṣọ ọdún. Mo fi ránṣẹ́, mo lọ sùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ní òun ò rí lógò ẹgbẹ́. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ gun orí ọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan pè mí láti Manchester, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èdè wo lo kọ sí wa yìí?" Ti alága wa ló wá pabanbarì. Fọ́tò wọn tí mo fi sí igun kan, tí kò yẹ kó ju ti pásípọ́ọ̀tù lọ, ó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn yí i wálẹ̀, iwájú orí. Àwọn tún yí i, imú. Àwọn tún yí i, irùngbọ̀n. Ó pẹ́ kí àwọn tó kan "Ẹ káàbọ̀".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.

Ọmọ_Aláṣọ
Iwájú orí, imú, irùngbọ̀n. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà o, gbogbo èèyàn ti ń wò mí.

Tábìlì_Ni_Bàbá
Outlook orí Windows, áàpù ímeèlì ti Microsoft, ni alága ń lò, àbí? Èyí àtijọ́. Láti 2007 ni Microsoft ti gba iṣẹ́ fífi ímeèlì hàn kúrò lọ́wọ́ Internet Explorer, tí wọ́n gbé e fún Word. Word ò mọ ohun tó ń jẹ́ max-width. Bí o bá kọ ọ́ sínú style (ibi tí a ti ń pàṣẹ bí nǹkan ṣe máa rí) pé kí fọ́tò má ju 160 lọ, Gmail á gbọ́, Apple Mail á gbọ́. Word ní tiẹ̀, fọ́tò fúnra ẹ̀ ló máa wò. Bó bá rí i pé ìbú ẹ̀ jẹ́ 2000 pixel (àwọn tóótó kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), 2000 náà ló máa tẹ́ sílẹ̀. Lọ kọ width="160" sínú img, kóòdù tó ń gbé fọ́tò wá, má fi px sí i.

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá
Word kẹ̀? Word tí a fi ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́? Àbúrò, mo fẹ́ràn rẹ o, ṣùgbọ́n irọ́ nìyẹn.

Tábìlì_Ni_Bàbá
Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi lè parọ́ fún yín? 2007, 2010, 2013, 2016, 2019, Word ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣì ń fi tábìlì (àpótí onílà inú kóòdù, kì í ṣe ti oúnjẹ) kọ́ ímeèlì, tábìlì nínú tábìlì, bí ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ fi style gbé àwòrán sẹ́yìn ọ̀rọ̀, kò ní hàn. Ẹ ṣe igun bọ́tìnnì ní róbótó, á padà di onígun mẹ́rin. Ẹ fi GIF tó ń jó sí i, nínú púpọ̀ nínú wọn àwòrán àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa rí, á dúró gbagidi bí ère. Outlook tuntun ti kúrò lọ́wọ́ Word, ṣùgbọ́n ẹ wọ ọ́fíìsì kí ẹ wo ẹni tó ti fi ti àtijọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá
Mo ti bi ọmọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ta ló rán wọn níṣẹ́ ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀, ẹ fa àga. Ìgbà ìkórè ni, ọdún kejì tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìròyìn ìjọ lé mi lọ́wọ́. Àwọn ìbejì ṣì ń mu ọmú nígbà yẹn, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ gbogbo nǹkan, kí ẹ lè mọ bó ṣe rí. Mo kọ lẹ́tà náà sínú Word, mo kọ́pì í, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú irinṣẹ́ tí a fi ń ránṣẹ́. Ó dára lójú. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ẹrù Word ló bá a wọlé, kóòdù mso (ti Microsoft Office) báyìí, ìlà lórí ìlà, gbólóhùn kan ṣoṣo á ní ìdajì ojú ìwé kóòdù lẹ́yìn. Gmail, bí ìwọ̀n kóòdù lẹ́tà bá ti kọjá 102KB, á gé e, á wá fi líǹkì kékeré kan sísàlẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ìyókù kó tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́? Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ nọ́ńbà Zelle ìjọ (tí a fi ń fowó ránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà) sí, pẹ̀lú àdúrà fún ẹni tó bá dáwó. Ọ̀sẹ̀ méjì, owó ò wọlé. Akápò ń wò mí bákan. Èmi náà ń wo akápò bákan. Ọjọ́ Àìkú ni màmá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Lẹ́tà yín dáa o, àfi pé ẹ ò sọ ibi tí ká sanwó sí." Omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ọmọ_Aláṣọ
"Akápò ń wò mí bákan, èmi náà ń wo akápò bákan." Ìjọ tiwa náà nìyí, kò tiẹ̀ sí ímeèlì níbẹ̀.

Atẹ̀wé_Ọ̀ṣogbo
102KB yẹn, ṣé àwòrán wà nínú ẹ̀? Fọ́tò kan ṣoṣo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Rárá, kóòdù àti ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ibòmíì ni àwòrán ti ń wá. Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad kó bọ́ gbogbo ẹ̀wù ẹ̀ sílẹ̀, kí n tó kọ́pì í lọ síbi tó ń lọ.

Sharp_Sharp_Flyer
Gbogbo wàhálà yìí! Odindi lẹ́tà ni èmi máa ń sọ di àwòrán kan ṣoṣo. Ohun tí mo rí ni gbogbo ayé rí. Outlook o, Gmail o, kò sí bó ṣe fẹ́ fọ́.

Tábìlì_Ni_Bàbá
Ọ̀pọ̀ Outlook kì í ṣí àwòrán ẹni tí kò mọ̀, àfi tí onítọ̀hún bá tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Pákó funfun lo ń fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀dẹ_Fọ́ǹtì
Àti pé lórí fóònù, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ á kéré bí ìdin. Èmi ò tíì pé ogójì, mo ní láti fi ìka méjì ya á.

Àkọ́bí_Abẹ́òkúta
Bàbá mi ò ríran mọ́. Fóònù ló ń ka ímeèlì sí wọn létí. Ẹ mọ ohun tí fóònù kà nígbà tí irú lẹ́tà Sharp Sharp yìí dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì wọn? Ó ní, "Àwòrán." Ó dákẹ́. Wọ́n ké sí mi pé kí n wá wo fóònù, bóyá ó ti bàjẹ́. Nígbà tí mo fi máa ráyè wò ó, ìkéde ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn ni. Wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ẹ bá mi kí Bàbá o. Ẹ kú ìrọ́jú.

Sharp_Sharp_Flyer
Háà. Mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ẹ má bínú. Alt tí mo máa ń rí nínú kóòdù tí mo máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, ṣé ohun tó wà fún nìyẹn?

Tábìlì_Ni_Bàbá
Òun ni. Ohun tó bá wà nínú alt ni fóònù máa kà, òun náà ló máa hàn bí àwòrán ò bá ṣí. Ṣùgbọ́n má lọ kó odindi ìkéde sínú alt. Kọ ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀, kí àwòrán jẹ́ ẹ̀ṣọ́.

Olóòtú_Ọ̀fẹ́
Akọ̀wé, ti màmá Manchester yẹn ló wà lọ́kàn mi. Ṣé nǹkan tí wọ́n rí jọ báyìí: áº¸ á¹£Ã©

Akọ̀wé_Peckham
Òun gan-an! Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kí nìyẹn?

Olóòtú_Ọ̀fẹ́
"Ẹ ṣé" nìyẹn 😄 Lẹ́tà jáde ní UTF-8, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè; ẹ̀rọ wọn kà á bíi Windows-1252, ti àtijọ́ tí kò mọ ẹ àti ṣ. Báìtì mẹ́ta ni ẹ kan ṣoṣo nínú UTF-8. Ẹ̀rọ tó ṣì í á máa ka ìkọ̀ọ̀kan wọn bíi lẹ́tà ọ̀tọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ti fi ojú mi rí màbo. Kóòdù kékeré tí mo kọ fúnra mi ni mo fi ń ránṣẹ́ nígbà yẹn, mo gbàgbé láti kọ charset=utf-8 sí Content-Type, ìlà tó ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe máa ka lẹ́tà. Àwọn ẹ̀rọ kan méfò, wọ́n gbà á. Àwọn kan méfò, wọ́n ṣì í. Ẹ wá wò ó dáadáa: ṣ kékeré á gbé àmì pọ́n-ùn wá, á¹£. Ṣ ńlá á gbé ti sẹ́ǹtì, á¹¢. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó bá wà lórí ẹ tàbí ọ á di Ì€, euro pọ́nńbélé. Lẹ́tà ìdúpẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ra ìwé wa. Ẹnì kan fèsì pé òun ti sanwó tán, pọ́n-ùn àti euro wo ni mo tún ń béèrè.

Ọmọ_Aláṣọ
Ẹ ò wá rí i pé Yorùbá lówó lórí ju náírà lọ.

Atẹ̀wé_Ọ̀ṣogbo
Ẹ yéé fi àmì sí i, ó tán. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Olóòtú_Ọ̀fẹ́
Ṣé bẹ́ẹ̀? "A fe ra igba igba fun inawo yen." Kí ni mo sọ?

Atẹ̀wé_Ọ̀ṣogbo
O tẹ igba lẹ́ẹ̀mejì.

Olóòtú_Ọ̀fẹ́
Igba igbá. 200.

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá
Ta ló tún ń pín igbá níbi ìnáwó lóde òní? Ike ni gbogbo wọn.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ike tí wọ́n tẹ fọ́tò olóògbé sí, tí fọ́tò á ti ṣí kúrò kí a tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Atẹ̀wé_Ọ̀ṣogbo
Àǹtí, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni kò fi í gbẹ dáadáa. Tèmi kì í ṣí.

Ọ̀dẹ_Fọ́ǹtì
Kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ike níbí: charset nìkan kọ́ ni wàhálà àmì. Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè fún ẹ̀rọ, fún ẹ ní àyè tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní àyè kan ṣoṣo. Ẹ ni, tí àmì wá jókòó lé e lórí. Fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì jókòó, ẹ̀gbẹ́ ló máa jù ú sí. Mo ti rí lẹ́tà kan tí gbogbo a rẹ̀ tinrin, tí gbogbo ọ́ rẹ̀ sanra nítorí ibòmíì ni ẹ̀rọ ti lọ yá a, tí àmì sì ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eṣinṣin. Fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tí ẹ ń fà láti orí wẹ́ẹ̀bù, Apple Mail á yà á. Gmail kì í gbà á wọlé. Outlook ti Word á rí orúkọ ẹ̀, á bínú, á fi Times New Roman dípò. Fọ́ǹtì Arial ni mo máa ń kọ sínú [if mso], kóòdù tí Outlook ti Word ń kà, fún òun nìkan. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n àmì ń jókòó síbi tó yẹ.

Dèjì_Ò_Gbà
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ta ló tún ń ka ímeèlì? Ẹ jù ú sí WhatsApp.

Akọ̀wé_Peckham
A ti dán an wò, bọ̀dá. Àkọsílẹ̀ ìpàdé wọlé ní aago mẹ́jọ. Kó tó di mẹ́jọ ààbọ̀, ó ti wà lábẹ́ òdòdó "Ẹ káàárọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí á sàn wá" mẹ́tàlélógún.

Dèjì_Ò_Gbà
Àwọn òdòdó yẹn kì í fọ́ ṣá.

Atẹ̀wé_Ọ̀ṣogbo
Lógò tí ẹnì kan ò rí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dáhùn ìyẹn.

Ọ̀dẹ_Fọ́ǹtì
Ó dá mi lójú pé lógò dúdú ni, lórí PNG (irú fáìlì àwòrán kan) tí kò ní àwọ̀ ẹ̀yìn. Ẹni yẹn fi fóònù sí dark mode, ẹ̀yìn lẹ́tà di dúdú, lógò dúdú dúró sínú ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o, ojú ni kò rí i. Fi ìlà funfun tín-ín-rín yí i ká, tàbí gbé e lé pákó funfun. Má sọ pé o máa fi kóòdù kọ̀ ọ́ fún wọn: àwọn áàpù kan máa ń yí àwọ̀ padà láìbéèrè.

Akọ̀wé_Peckham
Mo ń ṣe é lọ́wọ́. Nǹkan kan rú mi lójú: mo fi ránṣẹ́ sí ara mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti dán an wò, ẹ̀ẹ̀kẹta ìdajì lẹ́tà ò sí mọ́, àmì tóótòòtó mẹ́ta nìkan ni mo rí.

Tábìlì_Ni_Bàbá
Àkọlé kan náà lo lò. Gmail kó wọn pọ̀, ó fi ohun tó ti fi hàn ọ́ tẹ́lẹ̀ pa mọ́. Máa fi nọ́ńbà sí àkọlé, "Ìdánwò 4", "Ìdánwò 5".

Akọ̀wé_Peckham
Ó ti gbà! Mo ti kọ charset, mo ti yí lógò ká, width="160" wà lára fọ́tò. Mo ti tún un fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Màmá Manchester ní àwọn ti rí "Ẹ ṣé", wọ́n ní èmi náà ṣé.

Alága pè. Wọ́n béèrè ẹni tó sọ pé kí n dín fọ́tò wọn kù.

Ọmọ_Aláṣọ
Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ó ti mọ́ wọn lára!

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá
Ìgbà wo ni ìdìbò ẹgbẹ́ yín?

Akọ̀wé_Peckham
Oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sún un sí 300.

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá
Igbákejì ò tíì ní kó o fi tòun náà sí i?

Akọ̀wé_Peckham
Ó ti pè.